Àjàní Kò Gbóná, Ó Ń Mí Ni

Láti Ìlódè títí dé Òkèrèwè n'Ílé-Ifẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Bàbá Fáníyì lónìí, ìgbín ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ń rántí pé bàbá yẹn ló ń yẹ kòkó wò fún ìjọba títí tó fi fẹ̀yìn tì, tàbí pé ohùn rẹ̀ ni wọ́n fi ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìgbín ṣáá ni. Ẹ jẹ́ ká kúkú ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ bàbá náà tí kò sì ti ibi ìgbín bẹ̀rẹ̀, irọ́ ló fẹ́ pa.

Ní nǹkan bí ọdún 1994 ni. Bàbá Fáníyì ní ọkọ̀ Mọ́rísì kan tó rà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó nígbà tí ìyẹn ń kó ẹrù rẹ̀ padà sílé lẹ́yìn òmìnira. Àjàní ló sọ ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ ti di àgbàlagbà, ọjọ́ orí ti dé sí i lára, rádíétọ̀ rẹ̀ tí omi ń gbà kọjá kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná jù sì ti dí, ó ti jò, wọ́n ti jó o pọ̀ títí kò sí ibi tó tún ku láti jó. Tó bá ti rìn díẹ̀, á máa hó bí ìkòkò ẹ̀wà. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún Bàbá pé kó pààrọ̀ rádíétọ̀ yìí, Bàbá ní kí wọ́n fi Àjàní òun lọ́rùn sílẹ̀.

"Kí ni àwọn baba wa fi ń tu nǹkan tó bá gbóná lójú?" ló bi ìyàwó rẹ̀ Àníkẹ́ léèrè lọ́jọ́ kan.

"Omi tútù," ni Àníkẹ́ dá a lóhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Omi ìgbín!" ni Bàbá pariwo. "Ẹ̀rọ̀ gidi. Kò sí nǹkan gbígbóná kan láyé yìí tí omi ìgbín kì í rọ̀."

"Bàbá Múyìwá, orí ènìyàn ni wọ́n ń sọ o. Wọn ò sọ ẹ́ńjìnnì."

"Àjàní náà ní orí."

Ó gba Òkèrèwè lọ, ó ra ìgbín kún apẹ̀rẹ̀, ó sì jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń fọ́ ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, omi wọn ń kán sínú báàfù. Ó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Ó wá ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì bó ṣe ń dà á sínú rádíétọ̀. Ní ti Àníkẹ́, ẹran ìgbín ló kó ní tirẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Fàòsíyà wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan bó ṣe máa ń ṣe. Ọmọ Sùmáyà aránṣọ ni Fàòsíyà, ilé kejì sí ti Bàbá. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti kékeré, Bàbá ló sì ń gbé e lọ síléèwé girama láràárọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Iremo ni òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì jáde. Òórùn ìgbín tí wọ́n ń sè lórí iná ni, èyí tí wọn ò tíì fata sí. Ajá kan yọ lójúlé, òmíràn tẹ̀ lé e, kó tó pẹ́, gbogbo ajá Iremo ló ń sin ọkọ̀ lọ.

"Bàbá Fáníyì!" ni káfíńtà kan ń kígbe látìwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ẹ̀kọ wà lọ́wọ́ mi o! Ẹ dúró kẹ́ ẹ bù ú fún mi!"

"Bàbá, ó ń hó," ni Fàòsíyà wí.

"Kò hó."

"Bàbá, ó gbóná! Ẹ wo èéfín!"

"Àjàní kì í gbóná. Ó ń mí ni."

Ṣé ẹ gbọ́ gbólóhùn yẹn? Òun ni Bàbá fi ń dá gbogbo ayé lóhùn. Èéfín ìbáà bo ojú títì, omi ìbáà máa tú yàà sílẹ̀, Àjàní kò gbóná, ó ń mí ni. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Àjàní mí títí ó fi dákẹ́ sí àárín Iremo. Bàbá sọ̀kalẹ̀, ó fi àkísà ṣí ìdérí rádíétọ̀, ìfófòó ìgbín sì tú sókè bùà, ó bò ó láti fìlà dé bàtà. Èrò ti pé jọ. Bàbá nu ojú rẹ̀, ó wò wọ́n lọ́tùn-ún lósì, ó ní, "Ẹ rí i bí? Ẹ̀rọ̀ náà ti ń ṣiṣẹ́."

Abdulwaheed, mẹkáníìkì tó wà lójú ọ̀nà Òndó, ni wọ́n wọ́ Àjàní lọ bá. Ó fi wáyà tọ inú rádíétọ̀ náà, ohun tó fà jáde ń fà bí ilá. Ó gbé wáyà náà dání, ó wò ó lọ títí.

"Bàbá," ló wí, "ohun tó wà nínú ibí yìí, ìyàwó yín ló yẹ kẹ́ ẹ pè wá, kì í ṣe èmi."

Òórùn yẹn ò kúrò nínú ọkọ̀ bọ̀rọ̀. Ààwẹ̀ Ramadáánì bá a níbẹ̀. Fàòsíyà á jókòó sẹ́yìn, ebi á máa pa á, òórùn ọbẹ̀ á máa fẹ́ sí i nímú, á sì máa ka "astagfirullah" láti Ìlódè dé ẹnu ọ̀nà iléèwé. Òun ló sì sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo àdúgbò wá gbà mọ́ ọn lẹ́nu: "Ìgbín tí n kò jẹ rí láyé mi, mo ti gùn ún lọ síléèwé."

Àmọ́ ó ń gùn ún ṣáá ni. Ọ̀nà tí ó gbà bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún náà ní ìtàn tirẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àwọn kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ kí wọn ní "pẹ̀lẹ́" lórí ohun tó ń ṣe wọ́n. Irú wọn ni Fàòsíyà. Bí ẹnikẹ́ni bá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó sì ní "pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi," á ní, "Kí ló ṣe mí?" Àánú ò gbọ́dọ̀ wọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lọ lójú ọ̀nà ti dúró pé kí àwọn gbé e, ó ní òun ń najú lọ ni.

Ọjọ́ kan tí òjò ṣú ni Bàbá Fáníyì ká a mọ́ ojú ọ̀nà, ẹrẹ̀ ti bá a dé orúnkún. Bàbá fọn fèrè ọkọ̀, ó yọ orí síta.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ìjókòó ẹ̀yìn Àjàní ti ṣófo látàárọ̀, kò sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ó ń ta gìrì ní gbogbo kòtò. Jọ̀ọ́, wọlé wá bá mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Fàòsíyà wo ọkọ̀, ó wo Bàbá. "Ṣé tí mo bá wọlé, kò ní ta gìrì mọ́?"

"Á tutù pẹ̀sẹ̀."

Bí ó ṣe wọlé nìyẹn, bí ẹni tó ń ṣàánú ọkọ̀ bàbá arúgbó. Láti ọjọ́ náà ló ti di ẹrù Àjàní.

Ẹ má rò pé ó ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀ o. Ìjà ni òun àti Bàbá ń jà lọ, ìjà ni wọ́n ń jà bọ̀. Bàbá kò lè rí ojúlùmọ̀ kó má dúró kí i, kò sì sí ẹni tí kì í ṣe ojúlùmọ̀ rẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀. Á béèrè ìyàwó, á béèrè ọmọ, á béèrè ewúrẹ́ tó sọnù lọ́dún tó kọjá. "Bàbá, aago ti lu!" ni Fàòsíyà á máa pariwo. "Aago iléèwé yín ń sáré jù," ni Bàbá á wí.

Ohun tó sì ń ṣe nípa gbígbóná tí kì í ṣe gbígbóná yìí, kí Ọlọ́run ṣàánú wa! Lẹ́yìn ìgbín, ó fi àpò tútù bo bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ní ibà. Nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́, ó kó abẹ̀bẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, tí Àjàní bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mí, gbogbo ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ á sọ̀kalẹ̀ gba abẹ̀bẹ̀. Ó gbé Akínkúnlé, olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, lọ síbi ìdánrawò lọ́jọ́ kan. Bí wọ́n ṣe dé ìdajì ọ̀nà, Bàbá na abẹ̀bẹ̀ sí i.

"Bàbá, orin ni Olúwa pè mí sí," ni Akínkúnlé ń ṣàròyé. "Kò pè mí síbi kí n máa fẹ́ ọkọ̀."

"Máa kọrin náà bó o ṣe ń fẹ́ ẹ. Àjàní fẹ́ràn ohùn ìsàlẹ̀."

Olórí akọrin sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú agbádá, ó ń fẹ́ ọkọ̀, ó ń kọrin. Àwọn tó ń lọ ń kí i kú iṣẹ́.

Gbogbo èyí jẹ́ ẹ̀rín títí di ọdún 1995, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kò dẹ́rìn-ín pa ẹnikẹ́ni mọ́.

Fàòsíyà fẹ́ di olùkọ́ ìṣirò. Kò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìṣirò ni ibi tí kò ti sí ẹni tó lè sáré jù ú lọ. Ó ti jókòó ti ìwé fún odidi ọdún nítorí ìdánwò àṣejáde, ìṣirò sì ni wọ́n fẹ́ ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Sùmáyà ìyá rẹ̀ ti ń bẹ̀bẹ̀ láti alẹ́ àná pé kó jọ̀ọ́ kó gun ọ̀kadà.

"Ọ̀kadà?" ni Bàbá Fáníyì wí, ó dùn ún wọra. "Nígbà tí Àjàní wà láàyè? Sùmáyà, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

Kí ni ọmọlúàbí ènìyàn fẹ́ fi fèsì sí ìyẹn? Fàòsíyà wọ Àjàní.

Iléèwé wọn wà lórí òkè kan lẹ́yìn Iremo, òkè tó ga dáadáa. Igi ìyeyè ńlá kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe dé abẹ́ igi yẹn ni èéfín bo gíláàsì iwájú pátápátá, ẹ́ńjìnnì sì kú.

"Bàbá, ó gbóná."

"Ó ń mí ni. Jẹ́ kó sinmi díẹ̀, à á gùn ún."

Fàòsíyà ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè náà. Bàbá gbé kẹ́ẹ̀gì omi, ó ń tẹ̀ lé e, ó ń pariwo pé kó dúró, pé Àjàní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tán. Kò dúró. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó dìde. Nígbà tó fi dé iwájú gbọ̀ngàn ìdánwò, wọ́n ti tìlẹ̀kùn. Òfin ni, wọ́n ní àánú rẹ̀ ṣe àwọn, àmọ́ òfin ni. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, aṣọ iléèwé rẹ̀ ti rin gbingbin fún òógùn. Ó ń gbọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣí ìwé nínú ilé.

Bàbá dé, ó ń mí hẹlẹ, fìlà rẹ̀ ti bọ́ sọnù lójú ọ̀nà. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wo ọmọ náà. 

"Bàbá," ni Fàòsíyà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ó gbóná."

Bàbá Fáníyì gbé kẹ́ẹ̀gì omi sílẹ̀. "Ó gbóná," ló wí. Kò sọ ọ́ rí láyé rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Sùmáyà. Wọ́n fún un ní àga, kò gbà, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí láàárín àwọn àgékù aṣọ.

"Sùmáyà, agídí mi ti gba ọdún kan lọ́wọ́ ọmọ rẹ."

"Ẹ dìde, Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀," ni Sùmáyà ń bẹ̀ ẹ́, ó ti kúnlẹ̀. "Kádàrà ni."

"Kádàrà kọ́," ni Bàbá wí. "Rádíétọ̀ ni."

Ó dìde níbẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Abdulwaheed, ó ní kó wá rádíétọ̀ mìíràn fún Àjàní. Abdulwaheed fi ọwọ́ kan iwájú orí Bàbá wò bóyá ibà ni.

Àmọ́ ẹni tó bá rò pé ìbànújẹ́ ti pa agídí Bàbá kò mọ̀ ọ́n. Rádíétọ̀ tòkunbọ̀ ni Abdulwaheed kó jáde, àwọn tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti kú. Bàbá wá àpótí, ó jókòó tì wọ́n. Lójú tirẹ̀, Àjàní kò gbéyàwó rí, èyí tó sì fẹ́ wọ inú rẹ̀ lónìí, ìyàwó ni. Ta ló ń gbéyàwó láì wádìí ìdílé?

"Ọmọ ta nìyí?" ló béèrè.

"Bàbá, rádíétọ̀ ni."

"Mo mọ̀. Ọkọ̀ wo ló bí i? Kí ló pa ọkọ̀ náà? Ṣé wọn kì í gbóná nílé wọn?"

Abdulwaheed rí i pé kò sí ọ̀nà àbáyọ, ó gba iṣẹ́ alárinà. "Ara kábùkábù kan n'Íbàdàn ni wọ́n ti tú èyí."

"Kábùkábù? Tó ti gbé gbogbo ayé kiri? Gbé e kúrò."

"Èyí ńkọ́? Ara ọkọ̀ sójà kan ni. Ó lágbára gan-an."

"Sójà! Ṣé ìjọba tí wọ́n ń ṣe lé gbogbo wa lórí ò tó ni? Kó tún wá máa pàṣẹ fún Àjàní nínú ilé rẹ̀?"

Abdulwaheed mí kanlẹ̀. Ó fa ìkẹta jáde, ó nù ún dáadáa. "Ara ọkọ̀ agbẹ̀bí kan nílùú Iléṣà ni eléyìí ti wá. Ọjọ́ ogbó ló pa ọkọ̀ náà. Ìyá yẹn fi sáré lọ gbẹ̀bí títí ó fi fẹ̀yìn tì."

Bàbá fọwọ́ pa rádíétọ̀ náà lára. "Agbẹ̀bí," ló wí. "Nígbà náà, ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kíákíá. Ó mọ̀ pé ẹnì kan ń dúró." Ó dìde. "Òun la máa fẹ́."

Rádíétọ̀ agbẹ̀bí fẹ̀ ju ilé Àjàní lọ. Abdulwaheed pe wẹ́dà, wọ́n gé irin níbí, wọ́n jó irin mọ́ ọn lọ́hùn-ún. Wọ́n so fáànù oníná mọ́ iwájú rẹ̀, èyí tó ń fẹ́ fúnra rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń gbóná, kí olórí akọrin lè sinmi. Nígbà tí Abdulwaheed wá fẹ́ fi aago kékeré kan síwájú ibi tí awakọ̀ ń jókòó, aago tó ní ọwọ́ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fi bí omi ṣe gbóná tó hàn, Bàbá yarí.

"Rárá o! Mi ò fẹ́ olófòófó nínú ọkọ̀ mi."

"Ẹ jẹ́ kó wà, Bàbá," ni Fàòsíyà tó jókòó sórí táyà wí. "Ojú mi ni yóò máa wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ máa wo ọ̀nà."

Láti ọjọ́ ìdánwò yẹn, Bàbá kì í lè kọ̀ fún ọmọ náà mọ́. Olófòófó dúró.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé rádíétọ̀ náà wọ inú ọkọ̀, Bàbá tún ní kí wọ́n dúró. Ó ní ìyàwó kì í wọlé ọkọ láì jẹ́ pé wọ́n fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Àníkẹ́. Ó dé tòun ti igbá omi, ó wo rádíétọ̀ náà yípo.

"Bàbá Múyìwá, ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?"

"Ibi tó bá fi dúró ni kó o wẹ̀."

Àníkẹ́ sì wẹ̀ ẹ́. Ó súre fún un pẹ̀lú, ó ní kó má gbóná, kó má jò, kó má sì fa ìjà láàárín ẹbí. Ẹ̀rín fẹ́ pa àwọn ọmọ iṣẹ́ Abdulwaheed, àmọ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Àjàní gun òkè iléèwé, tó sì gùn ún dé òkè téńté láì yọ èéfín kankan, Bàbá sọ̀kalẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì fi ọwọ́ kejì nu ojú. "Ó tutù," ló ń wí. "Fàòsíyà, wá fọwọ́ kàn án. Ó tutù bí omi àmù."

Fàòsíyà padà síléèwé láti tún kíláàsì náà ṣe. Kò rọrùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ, àwọn ọmọ tó ti ń pè é ní ẹ̀gbọ́n ló wá ń bá a jókòó pọ̀. Ọ̀nà tí Bàbá sì ń gbà kí gbogbo ayé láti Ìlódè wá ń jẹ́ kí ìjókòó rẹ̀ pẹ́ nínú ọkọ̀ tóóró náà. Ní àárọ̀ kan lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu géètì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri, kò gbà á dúró. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì lójú gbogbo wọn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó dìde, ó ń rìn lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń wá nǹkan lábẹ́ ìjókòó. Fàòsíyà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé Bàbá kò rí òun.

Ọjọ́ kejì ni ìyọnu mìíràn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dé abẹ́ igi ìyeyè, Bàbá dúró, ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Kí ló dé?" ni Fàòsíyà béèrè.

"Ó gbóná díẹ̀. Sọ̀kalẹ̀, jẹ́ kó gba atẹ́gùn."

Fàòsíyà wo olófòófó. Ọwọ́ pupa náà sùn sílẹ̀ gbalaja. "Bàbá, kò gbóná o!"

"Irọ́ ni olófòófó ń pa. Èmi ni mo mọ ohùn Àjàní. Sọ̀kalẹ̀."

Ojoojúmọ́ ni. Bàbá á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á máa wo inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo kànga. Fàòsíyà á máa rìn yí igi ìyeyè po, á máa bínú, á máa ṣa èso tó bọ́ sílẹ̀, Bàbá á sì máa ju ìbéèrè ìṣirò sí i láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, á gba ìdáhùn tí kò mọ̀ bóyá ó tọ̀nà. Nígbà tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní, "Ó ti rọ̀ báyìí." Wọ́n á gun òkè, Fàòsíyà á sọ̀kalẹ̀ ní géètì, á wọlé lọ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, orí sókè.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí di yẹ̀yẹ́ nígboro? Ọkùnrin tí ọkọ̀ rẹ̀ ń tú èéfín bí ilé tó ń jó, tó ń búra pé kò gbóná, ní ìgbà tó wá tutù tán ló ń sọ fún gbogbo ayé pé ó gbóná. "Bàbá Fáníyì, ṣé ìyàwó tuntun ti ń yọ Àjàní lẹ́nu ni?" ni wọ́n ń bi í bí wọ́n bá ń kọjá. Bàbá á rẹ́rìn-ín, á ní gbígbóná náà kàn ń ṣe é láàárọ̀ ni. Abdulwaheed ní tirẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń bà jẹ́. Ó yẹ ọkọ̀ náà wò títí ó sú u. Fàòsíyà gbà pé ọjọ́ ogbó ló dé sí Bàbá, ó sì ń fi sùúrù bá a gbé e.

Nígbà tí ìdánwò dé, ó ṣe é, ó yege. Èsì ìṣirò rẹ̀ dára débi tí Bàbá fi dúró kí gbogbo Iremo lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ fún wọn. Fàòsíyà lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ó kù díẹ̀ kó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni Bàbá Fáníyì sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjàní, kò sì jí mọ́.

Ilé kún. Bí ó sì ṣe máa ń rí nílé òkú àgbà, ẹkún ò pẹ́ tó fi di ẹ̀rín. Káfíńtà Iremo mú ẹ̀kọ dání wá, ó ní òun ṣì ń retí ọbẹ̀ òun. Akínkúnlé fi abẹ̀bẹ̀ ṣe àfihàn bó ṣe kọrin fún ọkọ̀. Abdulwaheed sọ ti sójà àti kábùkábù, àwọn èèyàn ń yí lulẹ̀. Fàòsíyà náà sọ tirẹ̀.

"Àjàní tó tutù bí yìnyín!" ló wí, ó ń fara wé ohùn Bàbá. "Olófòófó ti sùn lọ, Bàbá á ní, 'Ó gbóná, sọ̀kalẹ̀!' Odidi ọdún kan ni mo fi ń yí igi ìyeyè po bí ewúrẹ́ tí wọ́n so!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àníkẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo Fàòsíyà.

"Fàòsíyà, ṣé o ò tíì mọ̀ títí di òní?"

"Kí ni, Ìyá?"

"Ní ọjọ́ tó o ṣubú lẹ́nu géètì, Bàbá wálé, wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Wọ́n ní, 'Àníkẹ́, ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ń kú tó bá jókòó pẹ́. Ó yẹ kó máa sọ̀kalẹ̀ nà án kó tó dé iwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.' Mo ní, 'Ẹ sọ fún un.' Wọ́n ní, 'Ta ló máa sọ fún Fàòsíyà? Agídí rẹ̀ ju tèmi lọ. Tí mo bá dárúkọ ẹsẹ̀, kò ní wọ ọkọ̀ mi mọ́.'" Àníkẹ́ fi ìdí aṣọ nu ojú. "Wọ́n wá ronú títí. Wọ́n ní, 'Màá ní Àjàní ló gbóná.'"

 Abdulwaheed ló kọ́kọ́ bọ́ fìlà.

Fàòsíyà di ọ̀pá rẹ̀ mú. Ó ń rántí ìjókòó ẹ̀yìn tó ń ta gìrì lọ́jọ́ òjò. Ó ń rántí bàbá tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń wá ohun tí kò sọnù lábẹ́ ìjókòó. Ọkùnrin tí kò gbà fún ayé pé ọkọ̀ òun gbóná rí, tó jẹ́ kí gbogbo Ifẹ̀ fi òun àti Àjàní ṣe yẹ̀yẹ́ láràárọ̀ fún odidi ọdún, kí ẹnikẹ́ni má baà fi Fàòsíyà rẹ́rìn-ín. Ẹkún tí kò sun látìgbà tó ti dé, ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Àníkẹ́ gbá a mọ́ra.

Ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà lórí òkè kan náà, lẹ́yìn iléèwé. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Olúmúyìwá, àkọ́bí Bàbá tó ti Ìbàdàn wá, ló wa Àjàní tẹ̀ lé pósí. Àníkẹ́ jókòó síwájú, Fàòsíyà sẹ́yìn, ọ̀pá rẹ̀ lórí itan. Wọ́n dé abẹ́ igi ìyeyè.

"Ẹ̀gbọ́n Múyìwá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ó gbóná."

Olúmúyìwá wo olófòófó. "Kò gbóná o."

"Mo ní ó gbóná," ni Fàòsíyà wí.

Àníkẹ́ fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ léjìká. "Dúró. Ó gbóná."

Wọ́n dúró. Àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà dúró, ẹnikẹ́ni ò fọn fèrè. Fàòsíyà sọ̀kalẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì rìn yí igi náà po pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ó ṣe máa ń ṣe. Ó wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì Àjàní.

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ló wí. "Ẹ ṣeun gan-an ni."

Ó padà wọlé. Àjàní gun òkè náà láì yọ èéfín, nígbà tí Fàòsíyà sì sọ̀kalẹ̀ lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà á dúró, ó sì rìn lọ sin Bàbá dé ibi tó máa sùn sí.